Ọ̀rọ̀-ìṣe Kan Láàárín Èmi àti Ìyàwó Ọmọ Mi

Ẹ̀rù èdè Faransé ti ń bà mí kí n tó mọ ohun tí ènìyàn lè fi í ṣe. Ní ilé-ìwé girama tí mo lọ ní Ẹ̀pẹ́, ọkùnrin kúkúrú kan tó wá láti Kútọnu ló ń kọ́ wa. Pàṣán rẹ̀ kì í kúrò lórí tábìlì. Tó bá ti wọlé, gbogbo wa á dìde, á nàka sí ẹnì kan, ẹni náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí "lọ" láti òkè dé ìsàlẹ̀. Je vais, mo ń lọ. Tu vas, ò ń lọ. Il va, ó ń lọ. Ahọ́n wa kò mọ lẹ́tà v, nítorí náà "fẹ́, fa, fa" la máa ń pè é. A sì máa ń mi ara síwá sẹ́yìn bí a ṣe ń kà á, torí pé ilé kéwú ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan sórí.

Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kò nira. Ṣùgbọ́n tó bá ti di "a ń lọ", ọ̀rọ̀ náà á yí padà pátápátá. Kò ní í jẹ́ vais mọ́, kò ní í jẹ́ va. Á di nous allons. Lẹ́yìn rẹ̀ ni vous allez, ẹ ń lọ. Tí o bá wá rò pé o ti mọ ibi tó dorí kọ, á tún di ils vont, wọ́n ń lọ. Nígbà tí mo di aránṣọ ni mo tó rí ohun tí mo lè fi í wé. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń rán aṣọ kan lọ tààrà, tó wojú abẹ́rẹ́, tó rí i pé aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí òun gé. Ibi nous yẹn ni pàṣán ti máa ń bà wá. Mi ò rántí pé mo dá kọjá ibẹ̀ rí. Kò pẹ́ tí olùkọ́ náà fi kúrò, wọn ò sì rí ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé èmi àti ọ̀rọ̀ náà ti pínyà nìyẹn.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ni mò ń rán, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson. Ọkọ mi ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí ń wa ọkọ̀ ẹrù láti Lomé lọ sí àwọn ìlú tó wà lókè lọ́hùn-ún, Lomé náà ló sì ti rí ìyàwó fẹ́. Nígbà tí oyún ìyàwó rẹ̀ ti yọ dáadáa, ó mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá ọmọbìnrin náà ti kú, ọmọ mi kò sì fẹ́ kó máa dá nìkan wà nínú ilé nígbà tí òun bá wà lójú ọ̀nà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀," ló wí nígbà tó ń múra àtipadà. "Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ òyìnbó. Àmọ́ ó gbọ́n gan-an."

"Èdè wo la ó wá máa sọ, èmi pẹ̀lú ẹ̀?"

"Ṣebí ẹ ṣe Faransé nílé-ìwé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi obìnrin kú lórí ìkúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwa méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, láti ìgbà náà ni mi ò ti lè wo aboyún kí ọkàn mi má fò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí ni pé ọmọ ọlọ́mọ lè wà nínú yàrá kejì, kí nǹkan máa ṣe é, kí n má mọ bí mo ṣe máa bi í, kí òun náà má mọ bó ṣe máa sọ fún mi.

Mo pinnu láti kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáadáa. Àwọn tó ń sọ Faransé, ọ̀rọ̀ "lọ" yẹn náà ni wọ́n fi ń béèrè àlàáfíà ara wọn, bí àwa náà ṣe máa ń béèrè pé báwo ni nǹkan ṣe ń lọ. Tu vas bien? Ṣé dáadáa lo wà? Bí ìyàwó mi ṣe máa ń jókòó tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tí ó ń bá mi gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí èmi ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, tí mo sì ń kà á sókè: je vais, tu vas, il va, nous... Ibẹ̀ ni màá ti dúró. Ẹ̀rọ náà á dúró pẹ̀lú mi. Ó dá mi lójú pé èjìká mi ṣì ń retí pàṣán.

"Allons!" lòun á wí, láì gbójú sókè kúrò lára bọ́tìnnì. Á wá bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi máa ń na ọrùn wọlé. "Ìyá Télọ̀, ṣé Paris lẹ ń múra ẹ̀ báyìí?"

"Paris kọ́. Agbowa ni mò ń lọ."

"Ẹ mú mi dání o. Mo lè gbé búrẹ́dì yín."

Mo rántí pé ohun kan dùn mọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ náà. Ìyàwó mi kì í sọ tu sí mi. Vous ló máa ń sọ: vous allez bien, Maman? Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ nílé mi. Bí àwa ṣe ń sọ "ẹ" fún àgbà náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó sì ti bá a dé láti ilé bàbá rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ni àgbà ilé wa báyìí. Àlàájà ni. Ẹja ló ń tà ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, bí ìyá wa ti ṣe. Ó ní kí n mú ìyàwó wá kí àwọn ẹbí mọ̀ ọ́n. A gba ọ̀nà Agbowa lọ. Lójú ọ̀nà ni mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tí mo sì sọ fún un pé wọ́n á bi í bóyá ó wà dáadáa. Nígbà tí a débẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kàn án lórí.

"Ìyàwó wa, ṣé àlàáfíà lo wà?"

Ọmọ náà rò ó, torí pé olóòótọ́ ni. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó fajú ro, ó sì sọ nǹkan kan ní Faransé. Mo rí i pé ẹ̀yìn ń dùn ún.

"Rárá o!" Ẹ̀gbọ́n mi gbọwọ́ sókè. "Aboyún! Má fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ẹ́, a dúpẹ́ ni wàá wí. Ó dùn ẹ́, a dúpẹ́. Kò dùn ẹ́, a dúpẹ́. Ṣé o mọ àwọn tó ń gbọ́ ni? Wí i kí n gbọ́."

Mo fi ọwọ́ sọ ọ́ fún un bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó yé e.

"A dúpẹ́ mà."

Gbogbo ilé pariwo. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Ẹ wò ó, ó ti di ọmọ Ẹ̀pẹ́!" Wọ́n ní kó tún un wí, ó tún un wí. Ẹni tó bá wọlé, wọ́n á ní, "Bi í, bi í kó o gbọ́ ohun tó máa sọ." Ẹ̀gbọ́n mi di ẹja gbígbẹ fún un. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mi ò tíì gbọ́ kí ìyá mi sọ pé ara òun kò yá rí, títí di ọjọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu ìyàwó mi yọ̀ mọ́ ọn. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. "Ìyàwó mi, ṣé kò sí?" "A dúpẹ́, Màmá." Nígbà tí mo mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn aboyún wò, nọ́ọ̀sì bi í bóyá nǹkan kan ń ṣe é. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́ mà." Inú nọ́ọ̀sì dùn, ó kọ ọjọ́ tí a máa padà wá fún wa, a sì lọ sílé.

Mo ti rán kaba kan fún un. Èmi fúnra mi ni mo wọn apá rẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i pé etí aṣọ náà ti ń fún apá rẹ̀. Mo mú tépù, mo tún un wọ̀n. Tépù kì í parọ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ náà ti nípọn. Sálúbàtà tó wọ̀ wá láti Lomé kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, tèmi ló ń wọ̀. Mo sọ fún ara mi pé bẹ́ẹ̀ ni oyún máa ń ṣe, ẹsẹ̀ tèmi náà wú. Síbẹ̀ àyà mi ń já. Ṣé mo lè pe dókítà kí n sọ fún un pé kaba há? Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ń bi í léèrè ṣáá. Mo bi í tó bá jí. Mo bi í tó bá jẹun. Mo bi í nígbà tó bá kàn dákẹ́. A dúpẹ́, Màmá. Ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù á sì tún padà wá, bíi pé ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti kírun Alásárì tán, mo padà sídìí ẹ̀rọ. Ìyàwó mi wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú agolo bọ́tìnnì. Mo bẹ̀rẹ̀: je vais, tu vas, il va, nous...

Mo dúró. Ẹnikẹ́ni ò sọ allons.

Ìgbà gbogbo ló máa ń sọ ọ́, nígbà mìíràn á ti sọ ọ́ kí n tó débẹ̀. Mo yíjú. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, òwú wà lọ́wọ́ kejì, ó ń gbìyànjú láti ki òwú náà bọ ojú abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tó ń ki òwú sí, abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń ki òwú sí, nínú afẹ́fẹ́ lásán. Ó tún un ṣe, lẹ́ẹ̀kan sí i, ní sùúrù, bí ẹni tó rí nǹkan níbẹ̀.

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìyàwó mi, ṣé kò sí?"

"A dúpẹ́, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ní Ẹ̀pẹ́.

Mo kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sọ ọ́ sí mi lọ́kàn, bóyá torí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu mi ni. Mo ní, "Tu vas bien?"

Ó wò mí.

"Non."

"Non?"

"Non, Maman. Je vais mal." Ara òun kò yá ló ń sọ.

Ẹkún ló wá tẹ̀lé e, àti Faransé tó ń ya lọ bí omi, tí mi ò mú ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ mi lé iwájú orí rẹ̀. Ó gbé e lé ojú rẹ̀. Ó gbé e sí abẹ́ ọmú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì gbé e kúrò níbẹ̀ kíákíá torí pé ó dùn ún. Gbogbo ìgbà tí mò ń béèrè, gbogbo rẹ̀ ni ó ti gbé mì.

Oníbúrẹ́dì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ," ó ní. "Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, màá bá yín tì í. Ẹ máa lọ!" Òun ló sáré dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró.

Oníkẹ̀kẹ́ wo ikùn ìyàwó mi, ó wo ẹkún ojú rẹ̀. "Ìyá, ẹ má jẹ́ kó bímọ sínú kẹ̀kẹ́ mi o. Àná ni mo fọ̀ ọ́."

"Máa wà á."

"Mò ń wà á mà. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Ní ilé ìwòsàn, èrò pọ̀ lórí àwọn àga. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì gbójú sókè. "Ìyàwó, kí ló ń ṣe ẹ́?"

Ọmọ náà nu ojú rẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, bí a ṣe kọ́ ọ. "A dúpẹ́ mà."

"Ó ti dáa. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ yẹn. Àwọn tí tiwọn le ló máa kọ́kọ́ wọlé."

Èmi kì í bá ènìyàn ṣe àríyànjiyàn. Tí wọ́n bá ní kí n jókòó, màá jókòó. Mo sì jókòó lóòótọ́. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ dání, mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣẹ́ sí iná, mo rí ojú àbúrò mi. Mo dìde.

"Nọ́ọ̀sì, irọ́ ló ń pa."

"Ẹ ní kí ni?"

"Irọ́ ni. Àwa la kọ́ ọ. Orí ń fọ́ ọ, kò ríran dáadáa, ibí yìí ń dùn ún." Mo fi ọwọ́ kan abẹ́ ọmú tèmi. "Kò gbọ́ Yorùbá. A dúpẹ́ nìkan ló gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀."

Ohùn mi ti lọ sókè, àwọn ènìyàn ń wò mí. Nọ́ọ̀sì fa apá ọmọ náà sọ́dọ̀. Ó wé nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá rẹ̀, ó fún un, ó wò ó. Ó tú u. Ó wé e mọ́ apá kejì, ó tún un fún, ó tún un wò. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ yára wọlé, dókítà sì tẹ̀lé e jáde.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù. Wọ́n ní gìrì lè mú un nígbàkigbà, àti pé àfi kí wọ́n gbé ọmọ náà jáde kí ìyá rẹ̀ tó lè yè. Mo pe ọmọ mi títí, fóònù rẹ̀ kò wọlé, ojú ọ̀nà ló wà. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà.

Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń yí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń béèrè nǹkan. Va ni mo gbọ́ nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń gbé òun lọ ló ń béèrè. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe yàrá iṣẹ́ abẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé kó má bẹ̀rù, èmi pàápàá ń bẹ̀rù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tí mo mọ̀. Je vais. Tu vas. Ó gbà á lẹ́nu mi. À ń kà á pọ̀ lọ lójú ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka àdúrà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sùn lọ. Mo sọ nous, mo sọ allons, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. A dé vous allez nígbà tí wọ́n ní kí n dúró. Ilẹ̀kùn padé.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ó kéré débi pé aṣọ tí mo ti rán sílẹ̀ fún un lè wé e lẹ́ẹ̀mejì. Ó ké, ohùn rẹ̀ dà bí ti ológbò. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dà bí ẹgbẹ́ ọmọ mi, sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ọmọ wà dáadáa. Ìyá rẹ̀ la ṣì ń ṣọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tíì wálẹ̀. A ò tíì lè sọ pé ó ti bọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo gbọ́ ariwo etí ọ̀sà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń ná ẹja.

"Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó wa ńkọ́?"

Ètè mi ti ṣí láti sọ a dúpẹ́. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti mọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí àlàáfíà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kò sí àlàáfíà. Wọ́n ti la ikùn ẹ̀. Ọmọ wà láyé, ṣùgbọ́n ara ìyá rẹ̀ kò yá. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ga. Wọn ò mọ̀ bóyá ó máa yè. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Má fi ẹnu ẹ..." Kò parí rẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń ná ẹja náà, ó ṣì ń pè é. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ilé ìwòsàn wo lẹ wà?"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé, òórùn ẹja gbígbẹ lára aṣọ rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi tán. Ó ní ó ti ń wálẹ̀, kò tíì dé ibi tí wọ́n ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ń wálẹ̀. Ìyàwó mi lajú. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọlé, kò padà. Ó wo ibẹ̀ títí. Ó gbójú sókè wò mí, mo sì rí i pé ẹ̀rù tí mo ti ń dá gbé ti dé ọ̀dọ̀ òun náà.

"Ọmọ mi," ó ní, "báwo lara?"

Ìyàwó mi kọ́kọ́ wo ojú mi. Mo mi orí sí i pé kó sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ní Faransé, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbóná bó ṣe ń lọ. Ó fi ọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ó fi kan orí rẹ̀, ó fi kan abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa omi sí i lára. Ó fìbínú ti ìrọ̀rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mal ni mò ń gbọ́ níbẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ tún ìrọ̀rí náà ṣe, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Máa sọ ọ́," ó ní. "Máa sọ ọ́ lọ. Mò ń gbọ́."